Ìkọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ológun: Níbo Ni Ẹrù Ń Sinmi Lé?

Ní ìlú Sealy, ní ìpínlẹ̀ Texas, tí kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ sí Houston bí ọ̀nà bá dá, ni ilé-iṣẹ́ Stewart & Stevenson ti ń kan ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990. LMTV ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ 12M18 tí ilé-iṣẹ́ Steyr ń ṣe ní Austria ni wọ́n wò ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìjọba ń lù wọ́n ní gbàǹjo. Àgbẹ̀ ń rà, agégẹdú ń rà, ẹni tó fẹ́ kọ́ yàrá lé e lẹ́yìn kó máa fi rìnrìn-àjò náà ń rà. Àwa tí à ń gbé agbègbè Houston máa ń pàdé wọn lójú títì pẹ̀lú ọ̀dà ológun lára wọn síbẹ̀.

Kì í pẹ́ tí ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbé e délé tí yóò fi bèèrè pé: báwo ni mo ṣe máa so tírélà mi mọ́ ọn? Ó dà bí ìbéèrè tí kò yẹ kó le. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti fa ìbọn àgbá gba inú ẹrẹ̀ kọjá, kí ni tírélà màlúù jẹ́ lójú rẹ̀? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí dé ibì kan. Wàhálà wa kò sí lọ́wọ́ agbára ẹ́ńjìnnì. Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni pé àwọn ènìyàn ń ná owó àti làálàá sórí ìkọ́ fúnra rẹ̀, wọn kò sì bèèrè ibi tí ẹrù yóò sinmi lé nígbà tí ìkọ́ bá ti gbà á: lórí irin wo, lórí bóòtù wo, lórí bíréèkì ta ni.

Ìkọ́ tí ológun fi sẹ́yìn ọkọ̀ wọn jẹ́ irin nínípọn tó tẹ̀ sókè bí ìka tó ń pe ènìyàn, ó sì ní ìdérí tó ń pa dé lé e lórí. Òrùka irin ńlá ló wà lẹ́nu tírélà ológun. Ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 3. Wọ́n á gbé òrùka wọ inú ìkọ́, wọ́n á dé e, wọ́n á fi pín-ìnnì há a. Òrùka náà kò fún mọ́ ìkọ́. Àyè wà láàárín àwọn méjèèjì, àyè yẹn gan-an sì ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkìtì nígbà tí tírélà ṣì wà nínú kòtò, òrùka lè kọjú sókè, ó lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan kan kò sì ní kán. Lójú títì ọlọ́dà, àyè kan náà ló ń fa ariwo. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tírélà á kọ́kọ́ sún díẹ̀ kó tó gbá ọkọ̀ nídìí, gbàgà.

Bọ́ọ̀lù ni àwọn aráàlú Amẹ́ríkà ń lò. Bọ́ọ̀lù irin ni, èyí tó jẹ́ íǹṣì 2 àti 2 5/16 ló sì wọ́pọ̀ jù. Irin tó dà bí ife ló wà lẹ́nu tírélà tí yóò dé bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ pinpin. Kì í pariwo, kì í jà gbọ̀ngbọ̀n, ṣùgbọ́n kò lè yí tó òrùka. Ọ̀nà tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá wá ń so ìkọ́ aráàlú mọ́ ọkọ̀ ológun ń fẹ́ kí ohun tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ máa gbé. Ó ṣeé ṣe, bí a bá mọ̀ pé ohun tí à ń ṣe nìyẹn.

Àwọn ọkọ̀ náà kò rí bákan náà. Àgbà tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni M35, tí REO bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Lansing, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní nǹkan bí ọdún 1950, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, títí kan AM General, sì ń ṣe lọ lẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹrù inú igbó ni orúkọ yẹn ń sọ. Lójú títì, M35A2 lè gbé ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 10,000 pọ́n-ùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ológun ṣe pín ohun tó lè fà: 6,000 pọ́n-ùn nínú igbó, 10,000 lójú títì. Ọkọ̀ kan, ìkọ́ kan, iye méjì. Ohun tí ìṣirò yẹn ń kọ́ni ni pé ìwúwo ẹrù nìkan kọ́ ló ń ṣẹ́ ìkọ́. Fífà jọ̀ọ̀ àti títì gbàgà ló ń ṣẹ́ ẹ, ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń rìn ló sì ń pinnu bí wọ́n ṣe máa le tó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń lọ sínú oko, iye ti igbó ni kó mú.

Ọkọ̀ CUCV ti àwọn ọdún 1980 sún mọ́ pikọ́ọ̀pù Chevrolet tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi le. Mi ò ní dúró lórí rẹ̀. M35, LMTV àti Humvee ni àwọn tó ń da ènìyàn láàmú.

Ọ̀nà bíi mẹ́rin ni àwọn ènìyàn ń gbà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọn kì í fẹ́ gbọ́, nítorí òun ni mo fara mọ́ jù: ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà lára tírélà. Púpọ̀ nínú àwọn tírélà tó lágbára ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé bóòtù ni wọ́n fi de ife bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lẹ́nu, lára irin kan tó dúró lóòró tó ní ihò ní ìpele ìpele. Ẹ tú ife náà, kí ẹ de òrùka síbẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ihò tó bá gíga ìkọ́ ọkọ̀ mu. Ìwọ̀nba bóòtù àti sípáná ni. Ìkọ́ tí ológun fúnra wọn dán wò kò kúrò níbi tó wà, ṣáásí ọkọ̀ kò sì gba ihò tuntun kankan. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ ká ṣọ́ ni pé kí òrùka àti ìkọ́ bá ara wọn mu. Òrùka tó kéré jù kò ní lè yí dáadáa nínú ìkọ́, èyí tó tóbi jù á máa lu ìkọ́ bí agogo. Ẹni tí ọ̀nà yìí kò lè wúlò fún ni ẹni tó ń háyà tírélà tàbí tó ń yá ti aládùúgbò, tí kò lè tú nǹkan onínǹkan.

Ọ̀nà kejì ni ìkọ́ alápapọ̀: ìkọ́ tó ní bọ́ọ̀lù níbi tí ìka ìkọ́ yẹ kó wà, tí ìdérí rẹ̀ sì lè dé mọ́ òrùka pẹ̀lú. Wọ́n ń tà á káàkiri, bóòtù mẹ́rin ló sì sábà máa ń dè é. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ dáadáa, torí iye tí wọ́n kọ fún òrùka máa ń ju iye tí wọ́n kọ fún bọ́ọ̀lù lọ. Mo ti rí ẹni tó ka èyí àkọ́kọ́ tí kò ka ìkejì.

Àmọ́ ìkọ́ alápapọ̀ kò yanjú ọ̀rọ̀ gíga, gíga sì ni olórí ọ̀rọ̀. Ìkọ́ ọkọ̀ ológun ga nítorí pé ọkọ̀ náà ga kúrò lórí àpáta àti omi. Tírélà aráàlú wà nísàlẹ̀. Bí a bá so wọ́n bẹ́ẹ̀, ọrùn tírélà á nà sókè, ìdí rẹ̀ á máa wá ilẹ̀, ẹrù á sá kúrò ní táyà iwájú lọ sí ti ẹ̀yìn. Ìwúwo tó yẹ kó wà lórí ìkọ́ náà á dín kù. Tírélà oníbọ́ọ̀lù nílò kí ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ dúró lórí ìkọ́; tírélà 7,000 pọ́n-ùn, 700 sí 1,050 pọ́n-ùn nìyẹn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìdí tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú títì, sọ́tùn-ún sósì, ijó náà á sì máa pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn kan fi ń gba ọ̀nà kẹta: wọ́n á de páìpù onígun-mẹ́rin sí ojú ihò ìkọ́ ológun, wọ́n á wá ti ọ̀pá tó sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ bọ inú rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè dé gíga tó yẹ. Ojú lásán á gbà pé ó dára. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní tírélà 7,000 pọ́n-ùn wà lẹ́yìn, bíréèkì tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́, awakọ̀ sì tẹ bíréèkì ọkọ̀ gidi débi pé tírélà fi ìdajì ìwúwo rẹ̀ ti ọkọ̀: 3,500 pọ́n-ùn nìyẹn. Ká ní bọ́ọ̀lù fi íǹṣì 12 wà nísàlẹ̀ ìlà bóòtù ti ìsàlẹ̀, tí ìlà bóòtù méjèèjì sì fi íǹṣì 6 jìnnà síra. Ọ̀pá yẹn ti di ohun tí à ń fi hú nǹkan nílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ń wọlé, òkè ń jáde, agbára tó sì ń fa ìlà bóòtù ti òkè yóò jẹ́ 3,500 lọ́nà 12, pín sí 6: 7,000 pọ́n-ùn. Gbogbo ìwúwo tírélà náà ló ń fa bóòtù méjì jáde kúrò nínú irin, ní ìṣẹ́jú àáyá tí ọmọ kan sáré gba iwájú ọkọ̀ kọjá. Bí ọ̀pá bá tún gùn sẹ́yìn, ọrùn tírélà á máa tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, iwájú ọkọ̀ á sì fúyẹ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lo ọ̀pá tó sọ̀. Bí ó bá ti kọjá íǹṣì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, mo ní kó kúrò lórí rẹ̀, kó sì bọ́ sí ọ̀nà kẹrin.

Ọ̀nà kẹrin ni kíkan ìkọ́ tuntun látìbẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ fún ẹni tó mọ irin. Ṣáásí ọkọ̀ akẹ́rù dà bí lẹ́tà C tí wọ́n tẹ́ gbalaja láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní ètè òkè, ètè ìsàlẹ̀, àti àyà tó wà láàárín wọn. Inú ètè méjèèjì ni wàhálà ìtẹ̀ pọ̀ sí jù, bí igi tí a bá fẹ́ ṣẹ́ ṣe ń kọ́kọ́ ya láti ara, kì í ṣe láti àárín. Nítorí náà, ẹ má ṣe lu ètè. Bí ihò tuntun bá di dandan, àyà ni kí ẹ lu, kí ẹ jìnnà sí ètè, kí ẹ sì fi dírílì lù ú. Ẹ má fi iná gé e. Ihò tí ilé-iṣẹ́ ti lu sílẹ̀ ló dára jù.

Ètò tí mo rí tó bọ́gbọ́n mu jù lọ ni ti irin pẹlẹbẹ méjì tó tẹ̀ lé àyà ṣáásí lápá ọ̀tún àti òsì, tó sì gùn wá síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí bóòtù rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì jìnnà síra. Irin méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, páìpù onígun-mẹ́rin ńlá á dábùú wọn níbi gíga tí tírélà ń fẹ́, irin onígun-mẹ́ta á sì há igun wọn kí wọ́n má baà ṣẹ́. Níbẹ̀ ni ẹrù kò ti sí lórí bóòtù mẹ́rin mọ́. Gbogbo ìdí ṣáásí ló ń jọ gbé e. Ìkọ́ ológun ṣì wà lókè fún tírélà olórùka, bọ́ọ̀lù wà nísàlẹ̀ fún ti aráàlú. Ẹni tó bá ń lọ sínú igbó kàn ní láti rántí pé ohun tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn lè kọ́ ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń jáde nínú kòtò.

Ọmọ Mushin ni mí. Mo mọ ohun tí wẹ́dà ọjà Ládípọ̀ níbẹ̀ lè ṣe. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gé ṣáásí sí méjì tí wọ́n sì jó o padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ náà sì lọ. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún iṣẹ́ wọn kò kéré. Síbẹ̀, ṣáásí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá òde òní ni irin tí wọ́n fi iná mú le, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ki ọ̀bẹ gbígbóná bọ omi. Iná wẹ́dà ń tú líle yẹn. Ní àgbàlá ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́yìn Houston, mo rí ìkọ́ tí wọ́n jó mọ́ ṣáásí ní tààrà. Ojú ibi tí wọ́n jó kò ní àbùkù kankan, ó gún régé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí kò ju ìwọ̀n èékánná kan lọ, ni ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ tí ìpẹtà pupa sì ń ṣàn jáde nínú rẹ̀. Ibi tí iná ti sọ irin di ẹlẹgẹ́ nìyẹn. Wẹ́dà náà kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìdáa. Ibi tó ti ṣe é ni kò dáa.

Ẹ jó irin tuntun mọ́ irin tuntun lórí ilẹ̀, kó tutù, kí ẹ wá fi bóòtù dè é mọ́ ọkọ̀. Bóòtù tó ní ilà mẹ́fà lórí ni kí ẹ rà, ìyẹn Grade 8. Èyí tó ní ilà mẹ́ta kò lágbára tó o, èyí tí kò sì ní àmì kankan, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ibẹ̀. Àwọn tó ń lo ìwọ̀n mìlímítà á wá 10.9 lórí tiwọn.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ti ń fi ọ̀dà kan tí wọ́n ń pè ní CARC kun ọkọ̀ wọn, kí oró tí ọ̀tá bá fọ́n má baà wọ inú rẹ̀. Bí iná wẹ́dà tàbí iná gáàsì bá kàn án, èéfín isocyanate ń jáde, èyí tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pátápátá. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ àwọn kan nínú wọn tún ní chromium olóró. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ìlọrin bó o láìbo imú ń fa eruku náà símú. Ẹ fi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà yọ ọ́ níta gbangba, kí ẹ wọ ìbòmú tó ní àsẹ́ tó yẹ, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Bí iná wẹ́dà bá sì máa kan LMTV rárá, ẹ tú bátìrì rẹ̀, ẹ sì yọ wáyà kọ̀ǹpútà jíà, nítorí iná náà lè sun ún.

Mo wá dé orí bíréèkì, tó ń kó mi láyà sókè ju ìkọ́ lọ. Orí omi bíréèkì ni bíréèkì M35A2 dúró lé, afẹ́fẹ́ ló ń ràn án lọ́wọ́, ìlà omi kan ṣoṣo ló sì lọ sí gbogbo táyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bí ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà bá jò, bíréèkì ẹsẹ̀ ti lọ nìyẹn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó kù ni bíréèkì ọwọ́ tó ń di ọ̀pá tó ń yí táyà mú. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ wọn nǹkan bí 13,000 pọ́n-ùn láìtíì gbé ẹrù. Ẹni tó bá so 7,000 pọ́n-ùn tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ mọ́ irú ọkọ̀ yìí ti fi ẹ̀mí ará iwájú ọ̀nà dúró fún gbèsè tí kò mọ̀. Àwọn kan ti ń pààrọ̀ ìlà kan yẹn sí méjì. Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, iṣẹ́ yẹn ni mo máa yàn ṣáájú ìkọ́. LMTV sàn jù ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ló fi ń di bíréèkì látòkè délẹ̀.

Bíréèkì iná ni ọ̀pọ̀ tírélà aráàlú ní, fóòtì 12 ló sì ń fẹ́. Fóòtì 24 ni ọkọ̀ ológun. Ibí ni rewáyà ti máa ń dán ọ̀nà àbùjá wò: bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ bíi M35, 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká fa wáyà láti ara ọ̀kan. Ó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bátìrì tí à ń fà lára rẹ̀ kò ní yó mọ́ láé, èkejì rẹ̀ á máa yó ju bó ti yẹ lọ, kí ó tó pẹ́ àwọn méjèèjì á ti kú. Ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12 ni kí ẹ rà, kí ó lágbára tó láti gbé bíréèkì àti iná ẹ̀yìn pọ̀. Bátìrì kékeré tó wà lára tírélà fúnra rẹ̀, tó ń tẹ bíréèkì bí tírélà bá já, kí ẹ máa dán an wò. Ṣéènì méjì náà ńkọ́? Ẹ gbà wọ́n kọjá lábẹ́ ọrùn tírélà ní àgbélébùú, kí ẹ sì dè wọ́n mọ́ irin ọkọ̀. Ẹ má dè wọ́n mọ́ ìkọ́ tí à ń bẹ̀rù pé ó lè já.

Òfin kò le yé. Ó yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀: California ní kí tírélà tó bá ti tó 1,500 pọ́n-ùn ní bíréèkì, Texas ní ó di ìgbà tó bá kọjá 4,500. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu Humvee ní gbàǹjo ní ọdún 2014, ìwé tó tẹ̀ lé wọn sọ pé kì í ṣe fún ojú títì, àwọn ìpínlẹ̀ kan kò sì fẹ́ fún wọn ní nọ́ńbà títí di ìsinsìnyí. Bí ìwúwo ọkọ̀ àti tírélà pọ̀ bá kọjá 26,000 pọ́n-ùn, tí tírélà fúnra rẹ̀ sì kọjá 10,000, láísẹ́ńsì awakọ̀ ńlá ni òfin ń bèèrè fún iṣẹ́ òwò. Kí ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín kí ẹ tó kan irin kan, nítorí ìkọ́ tí ẹnì kan kàn nínú àgbàlá rẹ̀ kò ní àmì ilé-iṣẹ́, ohun tí wọ́n á sì kọ́kọ́ wá lọ́jọ́ ìjàǹbá nìyẹn. Àwòrán, rìsíìtì bóòtù, orúkọ irin tí ẹ lò: ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan.

Bí ìkọ́ bá ti wà níbẹ̀ tán, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé orí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kó ìdajì ẹrù sí tírélà, kí ẹ rin ìwọ̀nba máìlì lójú ọ̀nà tí èrò kò sí, kí ẹ tẹ bíréèkì gidi nígbà mélòó kan, kí ẹ padà wálé. Kí ẹ wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ilà tí kò bá tọ́ mọ́, nọ́ọ̀tì yẹn ti yí. Ẹ fún un, kí ẹ fa ilà mìíràn, kí ẹ tún jáde.